Gálọ́ọ̀nù mẹ́ta nínú kẹ́ẹ̀gì kan

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Epo pupa ni mo ń tà ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Houston ní kí n fi epo gálọ́ọ̀nù 30 ránṣẹ́ sí òun. Mo kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 márùn-ún, mo fi wọ́n sínú kọ̀ǹténà, nítorí gálọ́ọ̀nù 6 ni àwa máa ń ka kẹ́ẹ̀gì kan sí, èènì ò sí níbẹ̀. Oṣù kìíní ni ẹrù dé. Àbúrò mi ní fóònù òun sọ pé kẹ́ẹ̀gì kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù 6.6, pé 33 ló yẹ kí òun bá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ti pẹ́ ní London ní irọ́ ni, pé 5.5 ni kẹ́ẹ̀gì kan. Wọ́n wá dà á sínú ike mílíìkì, gálọ́ọ̀nù 31 ni wọ́n bá, ó lé díẹ̀. Àbúrò mi ò là á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó rò pé mo yọ nínú ẹ̀. Ta ló gba ìṣirò yìí, bàbá, ibo sì ni epo tó kù wọlé sí?”

Ẹ kú ọjà o, ìyá oníepo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, nítorí ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀, ẹ sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ àgùntàn. Èkíní ni pé ta ló mọ ìṣirò. Èkejì, òun ló sì ń dùn yín jù, ni pé àbúrò yín ń fi ojú olè wò yín. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mi ò tíì gbọ́ tẹnu àbúrò yín, mi ò sì fojú kan kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn. Àmọ́ nọ́ńbà tí ẹ kọ ránṣẹ́ tó láti fi sọ ohun kan láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Gálọ́ọ̀nù 30 ni àbúrò yín béèrè. Nílé ara rẹ̀, pẹ̀lú ike ara rẹ̀, 31 ó lé díẹ̀ ló wọ̀n. Ohun tó béèrè ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, èènì sì wà lórí ẹ̀. Ìgbà tó fọwọ́ kan fóònù ni ọkàn rẹ̀ dà rú, mi ò sì bá a wí, nítorí fóònù náà ò purọ́.

Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ gbà á. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kò yí padà láti Bódìjà títí dé Houston, torí lítà kan náà ni gbogbo ayé ń lò. Gálọ́ọ̀nù ló ń pa àwọ̀ dà bí ọ̀gà. Gálọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń ka epo lọ́jà jẹ́ lítà 4 géérégé: ẹ pín 25 sí ọ̀nà 4, ẹ ó rí gálọ́ọ̀nù 6, lítà kan á lé, lítà yẹn sì ni kò jẹ́ kí ẹ fi èènì kankan sí i mọ́. Gálọ́ọ̀nù tí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín mọ̀ ní London jẹ́ lítà 4.546, òun ni wọ́n ń pè ní gálọ́ọ̀nù ìmpíríà, tí ẹ bá sì fi pín 25, 5.5 ni. Ti Amẹ́ríkà ló kéré jù nínú wọn, lítà 3.785, ìdí nìyẹn tí kẹ́ẹ̀gì kan náà fi di 6.6 lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fi ṣíbí wọn gàrí yóò ka nọ́ńbà ju ẹni tó fi kóńgò wọ̀n ọ́n lọ, gàrí náà ò sì lé. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ẹ bá kọ gálọ́ọ̀nù sínú fóònù láìsọ ti ìlú wo, ti Amẹ́ríkà ló sábà máa ń ṣírò fún yín, ì báà jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù yín ní Bódìjà lẹ jókòó sí.

Ẹ lè ní kí ló dé tí àwọn méjì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ní gálọ́ọ̀nù méjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bí méjèèjì. Láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ló ń sọ bí gálọ́ọ̀nù ṣe máa tóbi tó: ti wáìnì wà lọ́tọ̀, ti bíà wà lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi ń wọn ọkà tún wà lọ́tọ̀. Nígbà ayé Ọbabìnrin Anne, ní nǹkan bí 1707, òfin fi gálọ́ọ̀nù wáìnì sí íǹṣì kúbíìkì 231, ti bíà sì jẹ́ 282. Ti wáìnì yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò nígbà tí wọ́n kéde òmìnira wọn ní 1776, wọn ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí di òní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ni òṣùwọ̀n rẹpẹtẹ yìí wá sú. Ní 1824, ilé aṣòfin wọn pa wọ́n rẹ́, wọ́n sì dá ẹyọ kan sílẹ̀, pé omi tó bá wọn pọ́n-ùn 10 ni gálọ́ọ̀nù kan. Amẹ́ríkà kò sí lábẹ́ wọn mọ́ nígbà náà, òfin yẹn ò sì kàn wọ́n. Àwa la bọ́ sábẹ́ wọn lẹ́yìn náà, òun ló fi jẹ́ pé gálọ́ọ̀nù ńlá ni wọ́n gbé wá sílẹ̀ wa.

Ẹni tó bá dàgbà tó mi yóò rántí tíìnì kẹrosíìnì onígun mẹ́rin, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń pọnmi, tí wọ́n sì fi ń ru epo wálé láti ẹbu. Gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 4 ló ń gbà, ìyẹn lítà 18 ó lé díẹ̀. Ìjọba yí owó sí náírà ní January 1973, òfin òṣùwọ̀n tó gbé lítà àti kílò wọlé sì tẹ̀ lé e ní 1974. Owó gbọ́, ọjà ò gbọ́ tán. Ike onílítà 4 dé, ó fẹ́ jọ gálọ́ọ̀nù, la bá fi orúkọ òkú sọ ọmọ tuntun. Ẹ lọ bá àwọn akunlé, gálọ́ọ̀nù ọ̀dà lọ́dọ̀ wọn, lítà 4 ni. Bẹ́ẹ̀, ó fi ju ìdajì lítà lọ dín ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ife kékeré kan ju ti Amẹ́ríkà lọ. Gálọ́ọ̀nù ọjà wa kì í ṣe ti ìjọba kankan. Àwa la bí i, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí olùtà àti olùrà bá jọ wà nínú ọjà kan náà.

Kí ẹ má rò pé mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ti já sí kòtò yìí. Wíwọn epo nínú táǹkì ni mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe, ní dẹ́pò kan l'Ápápá. Ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan fún mi tí wọ́n fi bárẹ́ẹ̀lì kọ iye inú rẹ̀, wọ́n ní kí n sọ ọ́ di lítà. Mo mọ̀ pé bárẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù 42. Mo mọ̀ pé gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ lítà 4.546, pàṣán ni tíṣà fi kọ́ wa. Mo fi ìkíní sọ èkejì di púpọ̀, mo gba 190.9, mo sì kọ lítà 190,900 fún bárẹ́ẹ̀lì 1,000, mo tún fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀ kó lè dára lójú. Ọ̀gá mi ò bú mi. Ó fi báírò pupa yí 4.546 po, ó ní, “Lítà mélòó ni tánkà kan ń gbé?” Mo ní 33,000. Ó ní, “Ó dáa. Jáde sí gbàgede, kó o bá mi wá tánkà kan tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dá yìí.” Gálọ́ọ̀nù 42 tó wà nínú bárẹ́ẹ̀lì, ti Amẹ́ríkà ni, ẹ fi 3.785 sọ ọ́ di púpọ̀, lítà 159 lẹ máa bá. Ẹni tó bá fẹ́ lo 4.546 gbọ́dọ̀ ka bárẹ́ẹ̀lì sí gálọ́ọ̀nù 35, á sì bọ́ sórí 159 kan náà. Èmi mú orí èyí, mo fi ìrù tọ̀hún sí i, lítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún odindi tánkà sì jáde látinú afẹ́fẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe gálọ́ọ̀nù létí mi, mo á ní, “Ti ta ni?”

Ó wá ku epo tó sọnù. Lítà 125 ni kẹ́ẹ̀gì márùn-ún, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 33 sì ni lóòótọ́. 31 ó lé díẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà 118. Lítà 7 là ń wá, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan ààbọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ike mílíìkì yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wo ara rẹ̀, wọ́n kọ gálọ́ọ̀nù kan síbẹ̀, wọ́n sì kọ lítà 3.78 tì í, ṣùgbọ́n ibi tí mílíìkì dúró sí nígbà tí wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹnu ike, àyè máa ń wà lókè. Ẹni tó ń da epo sínú rẹ̀ kì í rántí ìyẹn. Dé ìdérí ló ń kún un, pàápàá tó bá jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ni epo náà. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà bá lé nínú ike kọ̀ọ̀kan, tí kò ju ẹ̀kún ife kékeré kan lọ, lítà 3 ti wọlé sínú ike 31 láìsí olè, epo náà sì wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n.

Òtútù ni ìkejì. Epo máa ń wú bí ooru bá mú un, ó sì máa ń súnkì bí òtútù bá mú un. Ẹ̀yin kún kẹ́ẹ̀gì níbi tí ooru ti ń mú, àbúrò yín tú u nínú oṣù kìíní, nígbà tó jẹ́ pé epo pupa á ti dì gbagidi nínú kẹ́ẹ̀gì bí wọn ò bá yá a. Bí ooru bá fi dígírì 15 lọ sílẹ̀, nǹkan bíi lítà kan nínú 100 ló ń lọ. Nínú 125 yín, lítà kan ó lé díẹ̀ nìyẹn. Kò jọ nǹkan kan lójú oníkẹ́ẹ̀gì márùn-ún, ṣùgbọ́n ní dẹ́pò, a kì í wọn táǹkì láì kọ ìwọ̀n ooru rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣírò bí ẹni pé dígírì 15 ni epo náà wà, kí ẹni tó gbà á láàárọ̀ àti ẹni tó gbà á lọ́sàn-án lè gba nǹkan kan náà. Ìkẹta ni èyí tó lẹ̀ mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì. Epo tó ti dì kì í ṣàn tán. Ẹ bi ara yín bí ẹ ṣe máa ń dojú kẹ́ẹ̀gì délẹ̀ sínú oòrùn n'Íbàdàn kí ẹ tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá wọn sá kẹ́ẹ̀gì sóòrùn nínú ọyẹ́ Houston? Ìdá mẹ́rin lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan títí di bí mo ti ń kọ èyí.

Bí ẹ bá ro gbogbo èyí pọ̀, lítà 7 náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ohun tó kù ò ju lítà kan àti àbọ̀ lọ. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iye tí mo pín fún ìkọ̀ọ̀kan nìyẹn gan-an, nítorí mi ò sí nídìí àrọ nígbà tí wọ́n ń dà á. Ṣùgbọ́n ibi tó kù tí mo máa wò ni kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀, ẹ má sì bínú sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà mọ èyí jù mí lọ. Kẹ́ẹ̀gì tuntun tó dára máa ń gbà ju lítà 25 lọ tí ẹ bá kún un dé ẹnu, àyè yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ kí epo lè rí ibi wú sí. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì tó ti rin ọ̀nà Òkìtìpupa lọ rin bọ̀ fún ọdún mẹ́ta, kì í ṣe kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bí mọ́. Mo ti rí èyí tí oníbàárà fi omi gbígbóná wú, ìdí rẹ̀ yọ bí ikùn aboyún, kò lè dá dúró, kó lè gba epo púpọ̀ lọ́wọ́ ará oko. Mo sì ti rí èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ wọnú, tí ẹni tó ń tà á ń lé 25 mọ́ ẹ lójú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n tẹ 25 sí lára. Bí ẹ bá kó márùn-ún tó tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ẹ sì fi ìka méjì dín sí ẹnu kó má baà ya lójú omi, ẹ ti ran ọwọ́ àìtó yẹn lọ́wọ́ láìmọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń purọ́ nínú kẹ́ẹ̀gì yín kò le. Lítà omi kan wọn kílò kan. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo sórí síkéèlì, ẹ kọ iye tó wọ̀n. Ẹ rọ omi mímọ́ sí i títí kílò 25 yóò fi gun orí iye yẹn. Ibi tí omi bá dúró sí ni lítà 25, ibi yòówù kó jẹ́. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò máa ń jẹ́ kéèyàn rí ojú omi bí ẹ bá kọ ọ́ sí oòrùn, ẹ fi máákà fa ìlà yípo níbẹ̀. Tí omi bá kún dé ẹnu tí kílò kò tíì pé, ẹ yọ kẹ́ẹ̀gì yẹn sọ́tọ̀, ẹ máa fi pọnmi. Lẹ́yìn náà ẹ dà á nù, ẹ dojú àwọn tó kù délẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí wọ́n gbẹ táútáú, nítorí omi díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù sínú epo ni í jẹ́ kó kan.

Èmi tí mo ti fi ọ̀pá wọn táǹkì títí irun mi fi funfun, bí mo bá fẹ́ fi epo ránṣẹ́ sí ará ilé mi, mi ò ní fi lítà tàbí gálọ́ọ̀nù bá a ṣe àdéhùn. Kílò ni mo máa lò. Epo fúyẹ́ ju omi lọ, òun ló fi ń léfòó lójú ọbẹ̀. Lítà epo pupa kan wọn nǹkan bíi kílò 0.9. Kẹ́ẹ̀gì 25 jẹ́ kílò 22 àti ààbọ̀, yàtọ̀ sí ike rẹ̀. Márùn-ún jẹ́ kílò 112.5, ìyẹn pọ́n-ùn 248 lórí síkéèlì àbúrò yín. Òtútù lè sún epo kì, kò lè jí kílò kan nínú rẹ̀. Dídì tàbí yíyọ́, bó ṣe wọ̀n níbí ló máa wọ̀n lọ́hùn-ún, bí èyí tó lẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì bá sì pọ̀, wọ́n á gbé òfìfo náà sórí síkéèlì, á sì jẹ́wọ́. (Ibí yìí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dójú ti ara wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Kílò 23 ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú fi sí ẹrù kan. Kẹ́ẹ̀gì tó kún dé 25, tẹ́ ẹ bá ro ike mọ́ ọn, ti kọjá ìyẹn, wọ́n á ní kí ẹ gbọ́n ọn dà lójú gbogbo ayé. Bí ọkọ̀ náà bá gba epo rárá, lítà 23 ni kẹ́ ẹ mọ.)

Kílò náà ní tirẹ̀. Síkéèlì tó ń fò bí eéṣú pọ̀ lọ́jà, ẹni tó bá sì ń fi èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ẹran wọn kẹ́ẹ̀gì lè fi kílò kan ṣìnà láìmọ̀. Ẹ dán an wò ná, ẹ fi omi inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí lára ṣe é, ogún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wàhálà kejì ni pé oníbàárà àbúrò yín ní Houston ò fẹ́ gbọ́ kílò, gálọ́ọ̀nù àti áúńsì ni wọ́n mọ̀, áúńsì sì tún ń fa ìjà tirẹ̀. Áúńsì méjì ló wà, ọ̀kan ń sọ bí nǹkan ṣe wúwo, èkejì ń sọ iye omi tí ike gbà. Ìgò oníáúńsì 32 tí àbúrò yín bá rọ epo sí gba mìlílítà 946, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbé epo inú rẹ̀ sórí síkéèlì, áúńsì 30 péré ló máa rí, á sì pariwo. Ẹ sọ fún un kó mọ èsì rẹ̀ sílẹ̀: epo fúyẹ́ ju omi lọ, ìgò náà kún. Ní ti lítà, òun ló dùn ún sọ jù, tí ẹ bá sì ti fa ìlà sára kẹ́ẹ̀gì bí mo ṣe wí, lítà tó fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀ka kẹta ni pé kí ẹ tà á ní kẹ́ẹ̀gì-kẹ́ẹ̀gì, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ náà ló wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn, àjèjì lè bá àjèjì ṣe é. Èmi ò ní bá àbúrò mi ṣe é.

Tó bá wá di dandan pé gálọ́ọ̀nù lẹ máa sọ, ẹ gbà èyí sórí. Ti Amẹ́ríkà sí lítà: ẹ fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ yọ 5 kúrò nínú gbogbo 100 tó bá jáde. Ti Gẹ̀ẹ́sì sí lítà: ẹ fi 4 àti ààbọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ó sún mọ́ ọn tó fún ọjà. Láàárín àwọn méjèèjì, gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 5 àti ti Amẹ́ríkà 6 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹyọ kan, lítà 22.7. Ìgò náà nílé wa ní àrùn yìí kan náà: kẹ́ẹ̀gì kan máa fún yín ní ìgò bíà onísẹ̀ńtílítà 60 tó jẹ́ 41, ṣùgbọ́n 33 ni ìgò onísẹ̀ńtílítà 75, kí ẹ tó bá ìyá inú ṣọ́ọ̀bù kejì jà pé ọ̀wọ́n ló ń tà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò yẹn wo ọ̀ràn yín, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ohun tí ẹ ò béèrè. Gálọ́ọ̀nù 30 tí àbúrò yín ní lọ́kàn jẹ́ 120 tí a yọ 6 kúrò nínú rẹ̀, lítà 114. Ẹ fi 125 ránṣẹ́. Lítà 11 lẹ fi ta á lọ́rẹ láìmọ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló béèrè 30, lítà 136 ni ọkàn rẹ̀ wà, ẹrù kan náà yẹn ì bá sì fi lítà 11 dín, òun náà ì bá sì máa wò yín bí àbúrò yín ṣe ń wò yín yìí. Bó bá jẹ́ pé orí gálọ́ọ̀nù 30 lẹ jọ dá owó, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ pàdánù. Bó bá jẹ́ orí kẹ́ẹ̀gì, a jẹ́ pé àbúrò yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lítà 125 pé pérépéré, ìlà tí mo ní kẹ́ ẹ fà sì ti di gbèsè lọ́rùn yín. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ èyí tó jẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó kó ẹrù mìíràn.

Ẹ má kọ ọ́ ní lẹ́tà sí i, ẹ pè é, kó gbọ́ ohùn yín. Ẹ ní kó má tíì jù kẹ́ẹ̀gì márààrún nù. Kó gbé wọn sún mọ́ ibi tí ẹ̀rọ amúlé-móoru wọn wà, kó dojú wọn délẹ̀ lórí abọ́ ńlá mọ́jú, kí wọ́n máa ro. Ohun tó bá bá nínú abọ́ láàárọ̀, kó rọ ọ́ sínú ike mílíìkì kan, kó wo ibi tó dé, kó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.